Yíyan Gọ́ọ̀mù Tí Yóò Di Hódà Fóònù Mú Lórí Dáṣíbọọ̀dù Ọkọ̀

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ sì sọ pé gọ́ọ̀mù tí ó lágbára jù lọ ni ẹ fẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó gbé súpágúlúù tàbí Araldite fún yín. Kò parọ́ fún yín, nítorí pé àwọn méjèèjì lágbára lóòótọ́. Síbẹ̀, hódà tí ẹ bá fi èyíkéyìí nínú wọn lẹ̀ mọ́ dáṣíbọọ̀dù lè já bọ́ kí oṣù kan tó pé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo fi súpágúlúù lẹ hódà mọ́ dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ mi, ó gan bí òkúta, mo fi ọwọ́ tì í síwá sẹ́yìn, kò mì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí mo ti ń lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ wọ gálọ́ọ̀pù kan, hódà àti fóònù sì jọ ṣubú sí abẹ́ ẹsẹ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrékì. Nígbà tí mo dúró tí mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, gọ́ọ̀mù náà ṣì wà lẹ́yìn hódà digbí, ó ń dán. Dáṣíbọọ̀dù ni kò gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ lẹ nǹkan mọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó béèrè ohun tí a óò fi lẹ̀ ẹ́. Ìlànà yìí wà fún hódà fóònù, fún ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà, àti fún kámẹ́rà kékeré tí ń ya ojú ọ̀nà. Gbogbo dígírì ooru tí mo bá dárúkọ jẹ́ ti Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ike tí dáṣíbọọ̀dù yín jẹ́

Ẹ wo ewé kókò nígbà tí òjò bá rọ̀. Omi kì í tàn ká lórí rẹ̀. Ó máa ń ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì máa ń yí bọ́ sílẹ̀ láì jẹ́ kí ojú ewé náà tutù. Gọ́ọ̀mù kò yàtọ̀ sí omi nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn ká, kí ó sì wọ gbogbo ihò tíntìntín tí ó wà lójú nǹkan, kí ó tó lè di nǹkan náà mú. Ike kan wà tí a ń pè ní pọlipropílínì, èyí tí a máa ń ké kúrú sí PP, tí ojú rẹ̀ sì dà bí ewé kókò sí gọ́ọ̀mù. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, kì í sì í tètè sán, nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ṣe ń lò ó fún dáṣíbọọ̀dù, pàápàá jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí owó wọn kò ga. Àwọn onímọ̀ ń fi òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní dáìnì wọn bí ojú nǹkan ṣe ń fa ohun olómi mọ́ra tó: ti PP jẹ́ nǹkan bí 30, ti ABS, tí í ṣe ike mìíràn tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀, lé ní 40, ti gíláàsì sì ga ju ti àwọn méjèèjì lọ fíìfíì. Bí iye náà bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ gọ́ọ̀mù ṣe máa ń le tó.

Ọ̀nà tí ó dájú jù lọ láti mọ ike tí ó wà níwájú yín ni kí ẹ kà á lára rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ máa ń tẹ orúkọ ike sí ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín àmì méjì tí ó dà bí orí ọfà, bíi >PP<, >ABS< tàbí >PC+ABS<. Ẹ ṣí àpótí kékeré tí ó wà níwájú èrò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pijin-hóòlù, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ike pijin-hóòlù lè yàtọ̀ sí ti òkè dáṣíbọọ̀dù, nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá ń tú dáṣíbọọ̀dù fún iṣẹ́ mìíràn, bóyá fún iṣẹ́ éèsì, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí yín, kí ẹ sì fi fóònù ya àmì náà. Bí ẹ bá rí àmì tí ó gùn, bíi >PP+EPDM-T20<, ẹ má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dà yín láàmú. Ìdílé PP náà ni.

Bí kò bá sí àmì tí ẹ lè rí, ẹ fọ ibi tí ẹ fẹ́ lò mọ́ tónítóní, kí ó gbẹ, kí ẹ wá kán ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí i. Bí omi náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ibẹ̀ yóò gba gọ́ọ̀mù. Bí ó bá ká jọ, ẹ gbà pé ewé kókò ni ẹ ní, kí ẹ sì ra ohun tí ó bá a mu.

Ẹ tún fi èékánná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá le, tí ó sì ń dún kòkò bí a bá kàn án, jẹ́ ike lásán. Èyí tí ó bá tẹ̀ wọlé díẹ̀ tí ó sì padà jẹ́ awọ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sórí fóòmù. Ọ̀pọ̀ irú awọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ike tí a ń pè ní PVC, wọ́n sì máa ń po òróró kan mọ́ PVC kí ó lè rọ̀. Òróró yìí ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ooru, a sì máa sọ àwọn gọ́ọ̀mù kan di ọ̀rá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, pàápàá àwọn tí a fi rọ́bà ṣe. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan sì wà tí oòrùn ti ba awọ dáṣíbọọ̀dù wọn jẹ́ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin, tàbí tí ó ti ń sán. Ẹ má ṣe lẹ ohunkóhun mọ́ irú èyí, nítorí awọ náà ni yóò bá hódà ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún dáṣíbọọ̀dù tí a tẹ́ rọ́ọ̀gì onírun lé lórí, bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ Micra ṣe máa ń ṣe. Mo ti rí ẹni tí ó da odindi súpágúlúù kan sórí rọ́ọ̀gì náà. Ohun tí ó rí gbà ni rọ́ọ̀gì tí ó gan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ooru ṣe òṣùwọ̀n

Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ooru ìta ní Ògbómọ̀ṣọ́ sábà máa ń tó dígírì 35. Èyí kọ́ ni ooru tí gọ́ọ̀mù yín yóò rí. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona àti ti California ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn fún wákàtí kan ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, wọ́n sì rí i pé dáṣíbọọ̀dù wọn ń gbóná dé nǹkan bí dígírì 69. Òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀rùn Arizona le ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ọkọ̀ sí gbangba ní LAUTECH láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí ó wá fi ọwọ́ kan dáṣíbọọ̀dù, mọ̀ pé a kò jìnnà sí wọn. Ohun tí mo fi ń ṣe òdinwọ̀n ni pé gọ́ọ̀mù tí kò bá lè fara da dígírì 80 kò yẹ lórí dáṣíbọọ̀dù nílẹ̀ wa.

Òdinwọ̀n yìí nìkan ti yọ ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò. Gọ́ọ̀mù ọ̀pá tí a ń fi ìbọn oníná yọ́ ń rọ̀ nínú irú ooru yìí, nítorí pé yíyọ́ ni a fi ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù olójú méjì funfun tí àwọn oníwèé ń tà, tí a fi ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri, ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ àwọn tí ó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan

Súpágúlúù ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń sáré mú. Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe alábàápàdé rẹ̀ ní ọdún 1942, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1958. Ìwọ̀nba ọ̀rinrin tí ó wà lójú nǹkan ni ó ń mú un gan láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Àbùkù rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí jẹ́ mẹ́ta. Kì í di PP mú rárá àyàfi tí a bá kọ́kọ́ fi oògùn pàtàkì kan kun ojú rẹ̀. Ó máa ń gan bí gíláàsì, nítorí náà gbígbọ̀n ọkọ̀ àti gálọ́ọ̀pù ń fọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, òórùn tí ń jáde lára rẹ̀ máa ń fi àbàwọ́n funfun bí eérú sí ara ike tí ó yí i ká, àbàwọ́n náà kì í sì í fẹ́ kúrò lórí dáṣíbọọ̀dù dúdú.

Araldite àti àwọn gọ́ọ̀mù oníhò méjì bíi tirẹ̀, tí à ń po apá kan mọ́ èkejì, sàn díẹ̀ ní ti gbígbọ̀n. Lórí irin, igi àti ABS, iṣẹ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n àwọn náà kì í lẹ̀ mọ́ PP, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pò fún ìlò ilé a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti kọjá 60. Níbi tí wọ́n bá sì ti lẹ̀ dáadáa, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yọ hódà náà láì fa ike ya. Ẹ fi Araldite pa mọ́ fún ọjọ́ tí ọrùn hódà bá kán.

Gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà, tí à ń fi kun ojú méjèèjì tí a sì ń dúró kí ó gbẹ díẹ̀ kí a tó pa wọ́n pọ̀, dára lára awọ àti rọ́bà bàtà. Omi inú rẹ̀, èyí tí ń rùn bí epo, lè jẹ ojú ABS àti PVC, ó sì ń rọ̀ nínú ooru. N kò gbà yín nímọ̀ràn láti lò ó.

Sílíkónì, èyí tí àwọn oníférémù fèrèsé ń lò, yẹ fún àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé kò sí ohun tí ooru dáṣíbọọ̀dù lè fi í ṣe, ó sì máa ń rọ̀ bí rọ́bà nígbà gbogbo, gbígbọ̀n ọkọ̀ kò sì lè fọ́ ọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un gan, èyí tí ó ń rùn bí ọtí kíkan ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Lára gíláàsì, ó di nǹkan mú bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn. Lára PP, a lè fi àtàǹpàkò bó o kúrò. Èyí tí ó burú jù ni pé ibi tí sílíkónì bá ti kàn rí kì í fẹ́ gba gọ́ọ̀mù mìíràn mọ́, àní bí ẹ bá tilẹ̀ nù ún títí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi sílíkónì dán dáṣíbọọ̀dù wò pé bí kò bá ṣiṣẹ́ ẹ ó lo nǹkan mìíràn.

Rọ́bà àfamọ́ tí ó ní ojú jẹ́lì ń ṣe dáadáa lórí gíláàsì àti lórí dáṣíbọọ̀dù tí ojú rẹ̀ dán. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Eruku oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ máa ń bò ó lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi omi ṣàn án tí ó sì gbẹ, yóò tún máa lẹ̀. Lórí awọ PVC, ó lè fa awọ náà wú sókè lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Èyí tí mo yàn fún ara mi, tí mo sì ń dámọ̀ràn, ni téèpù olójú méjì tí fóòmù rẹ̀ jẹ́ àkírílíìkì. Iléeṣẹ́ 3M ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1980 pẹ̀lú orúkọ VHB, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe irú rẹ̀. Téèpù VHB 4950 lè wà nínú ooru dígírì 93 fún ìgbà pípẹ́, ó sì lè fara da 149 fún ìgbà díẹ̀. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.1, èyí sì ṣe pàtàkì lórí dáṣíbọọ̀dù tí ojú rẹ̀ rí kíṣikìṣi, nítorí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ yóò kàn sùn lé orí àwọn góńgó kéékèèké náà láì wọ àárín wọn. Fóòmù náà tún máa ń fà, kì í sì í kán nígbà tí ọkọ̀ bá gbọ̀n. Bí dáṣíbọọ̀dù yín bá jẹ́ PP, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ LSE sí lára, ìyẹn èyí tí a ṣe fún ike tí ojú rẹ̀ dà bí ewé kókò, tàbí kí ẹ lo omi ìkùnjú tí a ń pè ní Primer 94: ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ kun ojú ike, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó lẹ téèpù. Ẹ má ṣe kùn ún kọjá ibi tí ìdí hódà yóò bò, nítorí ó máa ń hàn.

Ayédèrú pọ̀. Kì í ṣe gbogbo téèpù tí bébà rẹ̀ pupa ni VHB, bí àwọn tí ń tà á tilẹ̀ ń búra. Ẹ ní kí wọ́n gé ìwọ̀n ìka kan fún yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀díẹ̀. Fóòmù àkírílíìkì yóò máa gùn bí ṣingọ́ọ̀mù kí ó tó já. Fóòmù olówó pọ́ọ́kú yóò kàn ya bí búrẹ́dì. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ fi téèpù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò bí ó ṣe yẹ kí ó tóbi tó

Òfin tí àwọn tí ń ṣe téèpù yìí ń tẹ̀ lé ni nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 55 ní ìbú lóròó fún kílò kan. Bí fóònù yín bá wọn gíráàmù 200, tí hódà sì wọn 100, gíráàmù 300 ni àpapọ̀ wọn, téèpù tí ó tó 16 tàbí 17 yóò sì gbé e. Iye yìí jẹ́ ti ẹrù tí ó dúró jẹ́ẹ́, ọ̀nà wa kò sì jẹ́ kí ẹrù kankan dúró jẹ́ẹ́. Mo máa ń ṣe é ní ìlọ́po méjì, ìyẹn ìdí róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 àti ààbọ̀. Gígùn ọrùn hódà tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìwúwo lọ. Fóònù tí ó wà ní orí ọrùn tí ó gùn tó 20 ń fa etí téèpù sókè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 7, bí ẹni tí ń fi ọ̀pá gígùn hú iṣu. Ẹ ra ọlọ́rùn kúkúrú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan ibi tí yóò wà

Ẹ má ṣe lẹ hódà mọ́ ibikíbi tí wọ́n bá kọ SRS tàbí AIRBAG sí, tàbí sí ojú ọ̀nà tí àpò afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde, nítorí ní ọjọ́ ìjàǹbá, hódà náà yóò di ohun tí a sọ lu ènìyàn lójú. Ẹ rí i pé kò dí ojú ọ̀nà mọ́ yín lójú, àti pé ọwọ́ yín dé e láì tẹ̀ síwájú. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò gbà kí awakọ̀ máa lo fóònù bí ó ti ń wakọ̀, hódà kò sì sọ títẹ fóònù lójú ọ̀nà di ohun tí ó tọ́. Ẹ to ọ̀nà sí orí fóònù kí ẹ tó gbéra. Ibi tí ó tẹ́ ni ó dára. Bí ẹ bá fi agbára tẹ ìdí hódà pẹrẹsẹ mọ́ ibi tí ó rí gọ́gọ́, yóò máa fà láti padà sí bí ó ti wà, tọ̀sán tòru, títí yóò fi ṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fọ ibẹ̀

Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ohun dídán tí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ máa ń fín sórí dáṣíbọọ̀dù ní òróró sílíkónì nínú, kò sì sí gọ́ọ̀mù tí ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ibẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ọtí aisopropíìlì tí a po omi mọ́ ní ìdajì-ìdajì. Bí ẹ kò bá rí i rà, àwọn bébà kéékèèké tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ wà ní ilé oògùn, ọtí yìí kan náà ni ó sì sábà máa ń wà nínú wọn, ní ìwọ̀n 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ nù ún sí apá kan ṣoṣo, ẹ má ṣe yí i ká, kí ẹ sì pààrọ̀ bébà títí tí kò fi ní gbé ìdọ̀tí kankan mọ́. Bí wọ́n bá ti ń fín dáṣíbọọ̀dù náà fún ọdún púpọ̀, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Sánítáísà ọwọ́ kò dára, nítorí gílísáríìnì inú rẹ̀ ń kù sílẹ̀. Pẹtiróòlù, tínà àti asitóònù kò dára rárá. Asitóònù a máa yọ́ ABS.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ní sùúrù

Ìwọ̀n ooru tí ó yẹ fún lílẹ téèpù yìí wà láàárín dígírì 21 sí 38. Lásìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù lè tutù jù. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, dáṣíbọọ̀dù ti gbóná kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń ṣe é ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, lábẹ́ igi máńgò. Ẹ kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ ìdí hódà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má baà há sí i. Ẹ wá bó bébà rẹ̀, ẹ má ṣe fi ìka kan ojú gọ́ọ̀mù, kí ẹ gbé e lé ibi tí ẹ ti sàmì sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí àǹfààní à ń gbé e kúrò ká tún un gbé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ àti ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé títẹ̀ ni ó ń mú gọ́ọ̀mù náà tàn wọ ojú ike.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, téèpù náà yóò ti ní nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí 72, gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí fóònù wà nínú àpò títí di ọjọ́ Ajé. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tí ń bá yín fọ ọkọ̀ pé kí ó má fín ohunkóhun sí etí ibẹ̀ mọ́, nítorí òróró náà lè rá wọ abẹ́ téèpù.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́

Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ wà á, ẹ má sì ṣe fà á lójijì. Ẹ fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán bá yín ṣe é. Ẹ mú okùn ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ láàárín ìdí hódà àti dáṣíbọọ̀dù bí ẹni tí ń fi okùn gé ẹ̀kọ, títí yóò fi já kọjá. Èyí tí ó bá kù lórí ike, ẹ fi àtàǹpàkò yí i, yóò ká jọ bí ìdọ̀tí ara, kí ẹ sì fi bébà ọlọ́tí nu ìyókù. Bí hódà náà bá ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ ó rí i pé ibi tí ó bò dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló fà á. Oòrùn ti ṣá ìyókù dáṣíbọọ̀dù, ìdí hódà tuntun tí ó bá fẹ̀ tó ti àtijọ́ ni ó sì lè bo ojú àpá náà.